Odò Murrumbidgee: Bí A Ṣe Ń Mọ Ipa Ọ̀nà Rẹ̀ Kí A Tó Wọ Inú Rẹ̀

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni bi ara rẹ̀ ní bèbè odò Murrumbidgee, kí ó tó bọ́ bàtà, kí ó tó ti ọkọ̀ sójú omi, ni pé: omi tí mo ń wò yìí, níbo ni ó ti wá, ta ni ó sì rán an wá? Ìdáhùn rẹ̀ yàtọ̀ láti ibì kan sí ibì kejì. Ní ẹ̀bá Canberra, òjò ni ó rán an wá. Ní Wagga Wagga, tí kò ju nǹkan bí ìrìn wákàtí mẹ́ta lọ pẹ̀lú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, àwọn tí ń ṣí ojú ìsédò ni wọ́n rán an wá, nítorí pé àwọn àgbẹ̀ tí oko wọn wà ní ìsàlẹ̀ odò ti béèrè fún un. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí yóò máa retí omi díẹ̀ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní àárín gbùngbùn ìgbà ooru, yóò sì dé ibẹ̀ bá odò tí ó kún, tí ó tutù, tí ó sì ń sáré. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kọ́kọ́ mú yín tọ ipa ọ̀nà odò náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí n tó sọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, bí a ṣe ń wa ọkọ̀ lórí rẹ̀, bí a ṣe ń pẹja níbẹ̀, àti bí a ṣe ń pàgọ́ sí bèbè rẹ̀.

Ipa ọ̀nà odò náà

Orí àwọn òkè Snowy ní ìpínlẹ̀ New South Wales, ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ni orísun Murrumbidgee wà, nínú ọgbà ìjọba tí a ń pè ní Kosciuszko, níbi tí ilẹ̀ ti ga ju 1,400 mítà lọ tí òjò dídì sì máa ń bo koríko ní ìgbà òtútù. Ìṣàn tín-ín-rín tí ọmọdé lè fò kọjá ni ó jẹ́ níbẹ̀. Láti ibẹ̀ yóò rin nǹkan bí 1,500 kìlómítà kí ó tó dà sínú odò Murray nítòsí ìletò Boundary Bend, níbi tí ilẹ̀ kò ti ga tó 100 mítà mọ́. Èdè àwọn Wiradjuri ni orúkọ rẹ̀, ohun tí wọ́n sì sọ pé ó túmọ̀ sí ni omi ńlá. Àwọn Wiradjuri yìí ni ọmọ onílẹ̀ ní apá tí ó pọ̀ nínú àfonífojì odò náà, àwọn Ngunnawal sì ni ọmọ onílẹ̀ ní ẹ̀bá Canberra. Ó tọ́ kí àlejò mọ̀ pé orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni òun tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ òun sí.

Odò náà kò tíì rìn jìnnà tí ó fi kan ìsédò Tantangara, èyí tí wọ́n parí ní 1960. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń darí èyí tí ó pọ̀ jù nínú omi rẹ̀ gba inú ihò abẹ́ òkè lọ sínú adágún Eucumbene, fún iṣẹ́ iná mànàmáná àti ti ìbomirin oko, tí ó fi jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń ṣàn jáde ní abẹ́ ìsédò náà. Àwọn odò kéékèèké ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni wọ́n tún ń bù kún un lẹ́yìn náà. Ó dorí kọ gúúsù ìlà-oòrùn títí dé agbègbè Cooma, ó wá ṣẹ́rí padà bí ẹni tí ó gbàgbé nǹkan sílé, ó dorí kọ àríwá, ó gba ẹ̀gbẹ́ Bredbo, ó sì wọ agbègbè olú-ìlú, ìyẹn ACT, kí ó tó dé abúlé Tharwa. Ó gba apá ìwọ̀-oòrùn Canberra kọjá, odò Cotter àti odò Molonglo sì dà pọ̀ mọ́ ọn níbẹ̀, kí ó tó tún jáde sí New South Wales, tí ó sì tú sínú adágún ìsédò Burrinjuck.

Burrinjuck ni ibi tí ìwà odò náà ti yí padà. Ní 1907 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìsédò yìí, ó di 1928 kí wọ́n tó parí rẹ̀, ìdí tí wọ́n sì fi kọ́ ọ ni pé kí omi òjò àti ti òjò dídì tí ó yọ́ lè wà ní ìpamọ́ fún oko ìgbà ooru. Láti ibẹ̀ lọ, ìwọ̀-oòrùn ni odò kọjú sí. Kí ó tó dé Gundagai, odò Tumut dà pọ̀ mọ́ ọn, òun náà sì ní ìsédò tirẹ̀, Blowering, tí wọ́n parí ní 1968. Ohun kan wà níhìn-ín tí ó máa ń dùn mọ́ mi láti ṣàlàyé fún àwọn ọmọdé: lára omi tí wọ́n fà kúrò nínú Murrumbidgee ní Tantangara, tí ó gba abẹ́ òkè lọ sí Eucumbene, ni ó ń gba ọ̀nà odò Tumut sọ̀ kalẹ̀, lẹ́yìn tí ó ti yí ẹ̀rọ iná mànàmáná, tí ó sì tún wá bá odò tí ó bí i pàdé lókè Gundagai.

Lẹ́yìn Gundagai ni Wagga Wagga, lẹ́yìn Wagga Wagga ni ìsédò kékeré Berembed, níbi tí omi ti ń yà sínú ipa omi àwọn oko Leeton àti Griffith, èyí tí wọ́n ti ń bomi rin láti 1912. Narrandera tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Darlington Point, Hay, àti Balranald. Ní gbogbo apá yìí, ilẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, odò sì ń lọ́ bí ejò láàárín àwọn igi ńlá tí a ń pè ní river red gum. Bí ó ṣe ń lọ ni ó ń kéré sí i, èyí tí ó máa ń ya àlejò lẹ́nu, nítorí pé àwọn oko ti ń mu nínú rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Odò Lachlan pàápàá, tí ó yẹ kí ó wá ràn án lọ́wọ́ kí ó tó dé Balranald, máa ń parí sínú ẹrẹ̀ ńlá kan tí ó kún fún esùsú, kì í sì í dé Murrumbidgee àfi nígbà tí omíyalé bá pọ̀ gidigidi.

Ẹ jẹ́ kí á wá so ó pọ̀. Ní òkè Burrinjuck, odò ń tẹ̀ lé ojú ọjọ́: bí ọ̀dá bá dá, ó lè gbẹ títí àpáta rẹ̀ yóò fi yọrí, bí òjò ńlá bá rọ̀ ní ọ̀nà Cooma, ó lè kún láàárín ọjọ́ kan. Ní ìsàlẹ̀ Burrinjuck àti Blowering, odò ń tẹ̀ lé ohun tí oko ń béèrè: láti ìgbà tí ooru bá ti ń bẹ̀rẹ̀ títí dé ìparí rẹ̀ ni wọ́n ń tú omi sílẹ̀, ìsàlẹ̀ ìsédò ni omi yìí sì ti máa ń wá, níbi tí oòrùn kì í dé. Ẹ rántí pé oṣù kejìlá sí oṣù kejì ni ooru ń mú jù ní Ọsirélíà. Ẹni tí ó bá wọ odò ní Gundagai ní oṣù kìíní, tí ooru ń mú un bí iná, yóò bá omi tí ó tutù débi tí èémí rẹ̀ lè gé lójijì. Èémí tí ó gé yìí ni ó máa ń pa ẹlòmíràn, bí ó ti wù kí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ tó.

Lílúwẹ̀ẹ́ ní ẹ̀bá Canberra

Ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ júwe fún ẹni tí ó ní ọmọ kéékèèké ni apá ACT, nítorí pé àwọn ibi ìlúwẹ̀ẹ́ tí ó wà níbẹ̀ ní ọ̀nà, wọ́n ní ilé ìtura, wọ́n sì ní ibi jíjókòó lábẹ́ igi. Point Hut, Pine Island, Kambah Pool, Casuarina Sands àti Uriarra Crossing ni orúkọ wọn bí a bá ń tọ odò lọ sísàlẹ̀. Pine Island àti Casuarina Sands ni mo fẹ́ràn jù fún ìdílé: iyanrìn wà níbẹ̀, omi sì máa ń jìn díẹ̀díẹ̀ bí odò bá wà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Kambah Pool lẹ́wà, àfonífojì rẹ̀ jìn, àpáta rẹ̀ sì pọ̀, ṣùgbọ́n kí òbí mọ̀ ṣáájú pé apá kan wà ní ìsàlẹ̀ odò níbẹ̀ tí ìjọba fún àwọn tí ń wẹ̀ láìwọ aṣọ; pátákó wà níbẹ̀ tí ó fi ààlà hàn, ẹni tí kò bá fẹ́ dé ibẹ̀ kò ní ṣèèṣì dé ibẹ̀ bí ó bá ka pátákó.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ wo ìkéde ìjọba ACT lórí bí omi ṣe mọ́ tó. Ní ìgbà ìlúwẹ̀ẹ́, wọ́n máa ń bu omi odò lọ yẹ̀ wò, wọ́n sì máa ń ti ibi tí kòkòrò àìsàn bá pọ̀ sí. Bí òjò ńlá bá rọ̀, ẹ má wọ inú odò náà fún ọjọ́ mélòó kan, kódà bí kò sí ìkéde kankan, nítorí pé gbogbo ìgbẹ́ ẹran inú pápá àti ìdọ̀tí ojú títì ni àgbàrá ti kó wá. Àmì tí èmi máa ń lò kò ṣòro: mo máa ń wọ inú omi dé orúnkún, mo máa ń wo ẹsẹ̀ mi. Bí n kò bá rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi, a ó jókòó lórí iyanrìn jẹ oúnjẹ wa, a ó sì padà sílé.

Ẹ má fi orí bẹ́ sínú odò yìí níbikíbi. Ibi tí ó jìn ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá lè ti di ibi tí iyanrìn ti kún lónìí, igi ńlá sì lè ti ọ̀nà òkè wá jókòó sábẹ́ omi láìsí ẹni tí ó rí i. Ẹ máa fi ẹsẹ̀ wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kí ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n wẹ̀ wà ní ibi tí ọwọ́ àgbàlagbà lè tó o nígbà gbogbo. Kì í ṣe ibi tí ojú lè tó o, ibi tí ọwọ́ lè tó o ni mo wí.

Fún ẹni tí kò fẹ́ wẹ̀, ọ̀nà ẹsẹ̀ kan wà tí ó tọ odò láti Point Hut títí dé Casuarina Sands. Ẹ lè rin apá kan nínú rẹ̀, láti Kambah Pool sí Casuarina Sands, kí ẹ sì ní ẹni tí yóò fi ọkọ̀ pàdé yín lópin. Ẹ gbé omi mímu tí ó tó, ẹ wọ bàtà tí ó bo ẹsẹ̀, kí ẹ sì máa wo iwájú yín, nítorí pé ejò eastern brown, tí oró rẹ̀ le gan-an, fẹ́ràn láti yáàrùn lójú ọ̀nà ní ọjọ́ ooru. Bí ẹ bá rí i, ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí ó lọ. Bí ó bá bu ẹnìkan jẹ, kí ẹni náà má rìn, ẹ fi báńdéèjì dì í mọ́lẹ̀ dáadáa láti ojú ibi tí ó ti bù ú jẹ kárí gbogbo ẹsẹ̀ tàbí apá náà, kí ẹ sì pe 000, nọ́ńbà pàjáwìrì Ọsirélíà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mo rí níbẹ̀. Ní àárọ̀ kan, kí oòrùn tó yọ, mo jókòó sórí àpáta nítòsí Point Hut, omi dákẹ́ bí dígí. Òṣùṣù ìhó kékeré kan yọ lójú omi, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn dúdú kan tí kò gùn ju apá mi lọ gbéra, ó léfòó bí ewé, ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ bí ti pẹ́pẹ́yẹ ń jẹ nǹkan lọ́tùn-ún lósì. Kò pẹ́ tí ó fi rì padà. Platypus ni, ẹranko onírun tí ń yé ẹyin. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí i, àfẹ̀mọ́júmọ́ tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí ó lọ, kí ó jókòó jẹ́ẹ́, kí ó má sì mú ajá dání.

Wagga Wagga àti ìsàlẹ̀ rẹ̀

Ní Wagga Wagga, etíkun iyanrìn kan wà ní àárín ìlú gan-an, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Wagga Beach. Ohun tí àwọn ará ìlú máa ń ṣe níbẹ̀ ni pé wọn yóò rìn lọ sókè odò ní bèbè, wọn yóò wọ omi, wọn yóò sì jẹ́ kí omi gbé wọn yí kọ́rọ́ wá sí etíkun náà. Ó dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dúró ní bèbè, ẹ ju ọ̀pá kan sínú omi, kí ẹ sì máa bá a rìn lórí ilẹ̀. Bí ẹ bá ní láti sáré kí ẹ tó lè bá ọ̀pá náà dọ́gba, odò yára jù fún yín ní ọjọ́ náà. Ẹ tún wo ibi tí ẹ ó ti jáde kí ẹ tó wo ibi tí ẹ ó ti wọlé, nítorí pé bèbè odò yìí ga ní ibi púpọ̀, amọ̀ rẹ̀ sì ń yọ̀. Ẹni tí omi bá gbé kọjá iyanrìn lè lọ jìnnà kí ó tó rí ibòmíràn tí ó lè gùn.

Bí omi bá ń gbé yín lọ ní tòótọ́, ẹ má bá a jà. Ẹ dojú sókè, ẹ na ẹsẹ̀ síwájú kí ó lè kọ́kọ́ kan ohunkóhun tí ó bá wà lọ́nà, kí ẹ sì máa fi ọwọ́ tu omi dábùú sí bèbè, kì í ṣe láti padà sókè.

Hay ní ibi ìlúwẹ̀ẹ́ tirẹ̀, Sandy Point, níbi tí odò ti fẹ̀ tí ó sì máa ń rọ̀. Ooru máa ń kọjá 40 lórí ìwọ̀n Celsius ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ yẹn, nítorí náà ẹ lọ ní àárọ̀.

Ní gbogbo ìsàlẹ̀ odò, àti nínú àwọn adágún ìsédò, ẹ ṣọ́ra fún ohun tí pátákó ń pè ní blue-green algae, ìyẹn ohun tín-tìn-tín olóró tí ń hù nínú omi. Nígbà tí ooru bá mú tí omi kò sì rìn, ojú omi yóò dà bí ẹni da ọ̀dà aláwọ̀ ewé sí i, yóò sì máa rùn. New South Wales ń lo ìkìlọ̀ oríṣi mẹ́ta, àwọ̀ ewé, yẹ́lò àti pupa. Bí ó bá ti di pupa, ẹ má wẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ajá mu ún, ẹ má sì rò pé sísè yóò mú oró rẹ̀ kúrò, nítorí kò ní mú un kúrò.

Wíwa ọkọ̀ àjẹ̀ lójú odò

Èyí ni mo kà sí ọ̀nà tí ó dára jù láti mọ Murrumbidgee. Àárín Gundagai àti Wagga Wagga ni mo máa ń gbà ẹni tí ó ti kọ́ díẹ̀ níyànjú láti bẹ̀rẹ̀, yálà pẹ̀lú ọkọ̀ kayak tàbí ọkọ̀ àjẹ̀ ẹlẹ́ni méjì. Ẹni tí kò tíì wa ọkọ̀ rí, kí ó kọ́kọ́ kọ́ ọ lórí adágún tí kò ní ìṣàn. Apá òkè, nínú àwọn àfonífojì tí ó wà lókè Canberra àti ní àárín Pine Island àti Kambah Pool, jẹ́ ti àwọn tí ó mọ omi ríru nìkan: bí omi bá kéré, ẹ ó máa wọ́ ọkọ̀ lórí àpáta, bí ó bá pọ̀, àpáta yóò máa wọ́ yín.

Ẹ ṣe ìṣirò ọ̀nà dáadáa. Odò tí ń lọ́ kì í gùn bákan náà pẹ̀lú títì. Láti Wagga Wagga sí Narrandera, nǹkan bí 100 kìlómítà ni lójú títì, ṣùgbọ́n lójú omi ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì iye yẹn. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè rìn 25 sí 35 kìlómítà lóòjọ́ kí ó sì tún gbádùn ara rẹ̀. Ẹ wo ìwọ̀n gíga odò lójú ìkànnì WaterNSW, iléeṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó omi odò, ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú àti ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ sì wò bóyá ó ń gòkè tàbí ó ń sọ̀ kalẹ̀. Odò tí ń gòkè ni kí ẹ bẹ̀rù jù, nítorí pé ó ń kó igi láti bèbè bọ̀.

Ewu tí ó ga jù fún ọlọ́kọ̀ lójú odò yìí ni igi tí ó wó sínú omi, pàápàá ní ibi tí odò bá ti yí. Omi máa ń gba àárín ẹ̀ka rẹ̀ kọjá bí ìgbà tí a bá ń sẹ́ ògì: omi yóò bọ́ sísàlẹ̀, èèrí yóò kù lókè, ènìyàn àti ọkọ̀ ni yóò sì wà ní ipò èèrí. Nítorí náà, bí ẹ bá ń súnmọ́ ibi tí odò yí, ẹ mú ọkọ̀ lọ sí apá inú, níbi tí omi ti rọ̀ tí iyanrìn sì wà, kí ẹ má sì jẹ́ kí ìṣàn tì yín sí apá òde, nítorí ibẹ̀ ni igi máa ń wó sí. Bí ẹ kò bá rí òdìkejì dáadáa, ẹ dúró, ẹ gun orí ilẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ lọ wò ó. Bí ọkọ̀ bá ti fẹ́ kọ lu igi láìsí àyè ọ̀nà mìíràn, ẹ tẹ̀ sí apá igi náà, ẹ má tẹ̀ sí apá tí omi ti ń bọ̀. Ẹni tí ó bá tẹ̀ sí apá omi, ọkọ̀ yóò dojú dé e lórí.

Lẹ́yìn igi ni àwọn ìsédò kékeré: Berembed, Gogeldrie, Hay, Maude, Redbank àti Balranald. Láti orí omi, wọ́n lè dà bí ìlà kan lásán tí ó tẹ́ lójú odò, ṣùgbọ́n omi tí ó já wálẹ̀ lẹ́yìn wọn máa ń yí po, kì í sì í jẹ́ kí ohun tí ó bá mú jáde. Ẹ jáde sórí ilẹ̀ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn, níbi tí pátákó bá ti kìlọ̀, kí ẹ sì fi orí tàbí kẹ̀kẹ́ gbé ọkọ̀ kọjá.

Ní ti ẹ̀wù ìléfòó, òfin New South Wales ní kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 wọ̀ ọ́ nígbà gbogbo nínú ọkọ̀ kékeré tí kò gùn tó 4.8 mítà, ó sì ní àwọn ìgbà tí àgbàlagbà náà gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Èmi kì í ka òfin kí n tó wọ tèmi. Mo máa ń dè é kí ẹsẹ̀ mi tó kan omi, n kì í sì í tú u títí ọkọ̀ yóò fi wà lórí ilẹ̀. Ẹ fi àpò tí omi kò lè wọ̀ kó aṣọ gbígbẹ, ìṣáná àti fóònù sí, ẹ so ó mọ́ ọkọ̀, kí ẹ sì sọ fún ẹnìkan nílé ibi tí ẹ ó ti jáde àti àkókò tí ó yẹ kí ẹ ti pè é, nítorí pé fóònù kì í ṣiṣẹ́ ní ibi púpọ̀ láàárín àwọn igi yẹn.

Ọkọ̀ omi tí ń lo ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Bí ó bá máa sáré tó 10 knot (nǹkan bí 18 kìlómítà ní wákàtí kan) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, awakọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Orí adágún Burrinjuck ni ó yẹ ẹ́ jù.

Pípẹja

Ní New South Wales, àgbàlagbà tí ó bá fẹ́ fi ìwọ̀ pẹja gbọ́dọ̀ san owó ìwé àṣẹ, èyí tí a lè rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọjọ́ mẹ́ta, fún oṣù kan, fún ọdún kan tàbí fún ọdún mẹ́ta. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kì í san, àwọn ọmọ onílẹ̀ náà kì í san. ACT kò béèrè ìwé àṣẹ rárá, ṣùgbọ́n ó ní òfin tirẹ̀ lórí ìwọ̀n àti iye ẹja, nítorí náà ẹ mọ apá ibi tí ẹ dúró sí.

Ẹja tí gbogbo ènìyàn ń lé ni Murray cod, èyí tí ó lè dàgbà títí yóò fi gùn ju mítà kan lọ. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án títí dé ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá, ìgbà ìyẹ́yin rẹ̀ ni, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ pa á. Ní ìyókù ọdún, ẹyọ méjì lóòjọ́ ni òfin New South Wales gbà, èyí tí ó bá sì gùn láàárín 55 sí 75 sẹ̀ǹtímítà nìkan ni a lè mú lọ sílé. Èyí tí ó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ kò tíì bímọ tó, èyí tí ó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ ni ìyá àgbà tí ń yé ẹyin tí ó pọ̀ jù. Ẹja mìíràn tí ń jẹ́ golden perch gbọ́dọ̀ gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà ó kéré tán, márùn-ún sì ni lóòjọ́.

Ẹ fara balẹ̀ wo ojú ẹja kí ẹ tó fi í sínú àpò, nítorí pé ẹja kan wà tí ń jẹ́ trout cod, tí ó jọ Murray cod bí ìbejì, òfin sì dáàbò bò ó pátápátá. Ẹ gbé e dúró ní ẹ̀gbẹ́: bí àgbọ̀n òkè rẹ̀ bá yọ kọjá ti ìsàlẹ̀, tí ilà dúdú kan sì gba ojú rẹ̀ kọjá, trout cod ni. Ẹ fi omi tutù wọ́n ọwọ́, ẹ yọ ìwọ̀ jẹ́jẹ́, ẹ dá a padà kíákíá. Carp kò rí bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀. Àlejò apanirun ni nínú odò yìí, ó ń tú ẹrẹ̀ sókè, ó sì ń ba ibùgbé ẹja ìbílẹ̀ jẹ́. Bí ẹ bá mú un, ẹ má dá a padà láàyè.

Fún àwọn tí ó fẹ́ mú edé odò tí wọ́n ń pè ní yabby, àwọ̀n àpótí tí a ti ń pè ní opera house trap ti di èèwọ̀ ní New South Wales láti 30 oṣù kẹrin 2021, nítorí pé platypus máa ń wọ inú rẹ̀, kò sì ní lè jáde wá mí. Èmi tí mo ti rí ẹranko náà ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo sọ yẹn kò nílò kí ẹnikẹ́ni tún ṣàlàyé òfin yìí fún mi. Ẹ lo àwọ̀n tí òkè rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Pípàgọ́ sí bèbè

Ibi ìpàgọ́ pọ̀ láti Gundagai dé Balranald. Nínú ọgbà ìjọba Murrumbidgee Valley, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 2010, àti ní Yanga nítòsí Balranald, ẹ gbọ́dọ̀ gba ààyè ṣáájú lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní Narrandera, ẹ lè pàgọ́ kí ẹ sì rìn lọ wo koala lórí igi ní bèbè odò.

Ohun tí mo bẹ̀ yín sí jù ni pé ẹ má na àgọ́ sábẹ́ red gum. Òjìji rẹ̀ tutù, ó ń pè yín, ṣùgbọ́n igi yìí máa ń já ẹ̀ka tí ó tóbi tó ọkọ̀ sílẹ̀ lójijì, ní ọjọ́ tí atẹ́gùn kò fẹ́ rárá, pàápàá nínú ooru. Ẹ na án síta gbangba, kí ẹ sì fi aṣọ ta ìbòòji. Kí ẹ tó dá iná, ẹ wò bóyá wọ́n ti kéde ìfòfindè iná ní agbègbè náà. Ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí iná igi rárá. Ẹ má ṣẹ́ igi nínú ọgbà ìjọba, ẹ gbé igi ìdáná tiyín lọ. Ẹ̀fọn pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó sì ń tan àìsàn. Ní 2022 ni wọ́n rí àìsàn Japanese encephalitis ní apá yìí, nítorí náà ẹ wọ aṣọ alápá gígùn, kí ẹ sì fi oògùn ẹ̀fọn para.

Ẹ na àgọ́ sí ibi tí ó ga. Ní oṣù kẹfà 1852, ìlú Gundagai wà ní ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ní bèbè odò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn Wiradjuri ti kìlọ̀ pé omi máa ń dé ibẹ̀. Odò kún ní òru, ó gbé ìlú náà lọ, ó ju 70 ènìyàn lọ tí ó kú. Àwọn ọkùnrin Wiradjuri méjì, Yarri àti Jacky Jacky, ni wọ́n wa ọkọ̀ léraléra nínú òkùnkùn àti ìgbì yẹn, tí wọ́n ń já àwọn ènìyàn kúrò lórí igi àti òrùlé. Ó ju 60 ènìyàn lọ tí wọ́n gbà là. Ọkọ̀ Yarri, èèpo igi ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n kó ìlú náà lọ sórí òkè lẹ́yìn náà, ère àwọn méjèèjì sì wà ní Gundagai láti 2017. Bí ẹ bá kọjá níbẹ̀, ẹ dúró wò ó, lẹ́yìn náà kí ẹ wo pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí ó wà ní ìsàlẹ̀, kí ẹ lè mọ bí omi ṣe lè fẹ̀ tó. Bí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í gun bèbè nígbà tí ẹ wà ní àgọ́, ẹ má dúró dé òwúrọ̀. Nọ́ńbà SES, àwọn tí ń ranni lọ́wọ́ nígbà omíyalé, ni 132 500. Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, 000 ni.

Bí ẹ bá bá odò náà dé òpin, ní ìsàlẹ̀ Balranald, ẹ ó rí ibi tí ó ti tú jẹ́jẹ́ sínú Murray láàárín igi, láìsí ariwo kankan. Bèbè òdìkejì Murray níbẹ̀, ìpínlẹ̀ Victoria ni, ṣùgbọ́n omi inú Murray fúnra rẹ̀, ti New South Wales ni, nítorí náà ìwé àṣẹ ìpẹja tí ẹ rà ṣì wúlò fún yín lójú odò náà. Ẹ fa ọkọ̀ yín sórí iyanrìn, kí ẹ sì pe ẹni tí ẹ bá ṣe àdéhùn láti wá gbé yín.